Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Nínú Ilé: Ẹ Má Jù Ú Nù, Ṣùgbọ́n Ẹ Ti Ilẹ̀kùn Rẹ̀

   

Lẹ́tà kan ni ó bí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Bàbá kan tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ télọ̀ ní Òṣogbo ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀rọ kan tí ó ń fi òwú ya ọnà sí ọrùn agbádá àti àyà bùbá, àti pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí Windows XP wà nínú rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Ó ti lé ní ọdún 12 tí ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà yìí ti ń bọ́ ilé wọn. Nísisìyí, ọmọ wọn tí ó wà ní yunifásítì ní kí bàbá òun gbé kọ̀ǹpútà náà dà sí àkìtàn, nítorí pé olè lè gba ibẹ̀ wọ gbogbo ilé. Ọmọ iṣẹ́ wọn ní tirẹ̀ ní kí wọ́n so ó mọ́ Wi-Fi ilé, kí àwọn lè máa rí ọnà tuntun gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá wá béèrè pé: "Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn ọmọ méjèèjì yìí? Nítorí pé owó ẹ̀rọ tuntun kò sí lọ́wọ́ mi."

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ ọ́ dé òpin nínú wọn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun àjùnù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ohun tí a ń gbé sí ìta gbangba fún ẹni tí ń kọjá. Ohun tí ó yẹ ẹ́ ni yàrá tirẹ̀, ilẹ̀kùn tirẹ̀, àti iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ fún bàbá télọ̀ àti fún gbogbo ẹni tí ó ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ nílé, nítorí mo mọ̀ pé ẹ pọ̀.

OGBÓ KỌ́ NI ÀRÙN RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ léwu nítorí pé ó ti gbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ ènìyàn kọ tí kò ní ihò nínú, ìbá à ṣe tuntun, ìbá à ṣe àtijọ́. Àwọn tí ó kọ ètò náà ń wá ihò yìí láti dí i, àwọn olè náà sì ń wá a láti gbà á wọlé. Láti ọdún 2003 ni Microsoft, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ni Windows, ti ń kó àtúnṣe jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣooṣù. Iṣẹ́ àtúnṣe yìí ni kọ̀ǹpútà yín ń ṣe nígbà tí ó bá kọ̀wé sójú pé kí ẹ má pa òun, tí àmì kékeré kan sì ń yí roboto lójú yín. Oògùn ni ó ń mu.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí oníṣègùn yóò sọ pé òun kò po oògùn fún aláìsàn yìí mọ́. Windows XP jáde ní ọdún 2001; wọ́n dá oògùn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Windows 7 jáde ní ọdún 2009; tirẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Ti Windows 8.1 dúró ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Windows 10, tí ó jáde ní ọdún 2015, kan ọjọ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Ní ọjọ́ kejì ìdádúró yìí, kọ̀ǹpútà náà yóò tàn bí ó ti ń tàn tẹ́lẹ̀. Kò ní hu ìwúkọ́, kò ní ṣe bí aláìsàn. Èyí ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wo ohun tí ó burú níbẹ̀: nígbà tí Microsoft bá dí ihò kan lára Windows tuntun, àwọn olè máa ń yẹ àtúnṣe náà wò fínnífínní láti mọ ibi tí ihò náà wà. Wọn a sì lọ wò ó bóyá irú ihò kan náà wà lára ti àtijọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò dí. Àtúnṣe tí a ṣe sí ilé àbúrò wá di ohun tí ń júwe ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n fún olè.

Bí ẹ kò bá mọ irú Windows tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí àwòrán fèrèsé wà lára rẹ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́tà R. Àpótí kékeré kan yóò yọ. Ẹ kọ winver sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Orúkọ rẹ̀ yóò jáde síta, ẹ ó sì fi wé àwọn ọjọ́ tí mo kọ sókè yìí.

ARÁ ILÉ TÍ Ń JẸ KÒKÒRÒ BÚBURÚ

Ẹlòmíràn yóò sọ pé: "Kò sí nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi. Kí ni olè fẹ́ jí níbẹ̀?" Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Ráútà ni àpótí kékeré tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ká inú ilé. Ẹ fi ṣe ẹnu ọ̀nà agbo ilé. Fóònù bàbá, fóònù ìyá, kọ̀ǹpútà tí ọmọ fi ń kàwé, tẹlifísàn òde òní, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbogbo wọn ni yàrá inú agbo ilé náà. Ráútà tí a tọ́jú dáadáa kì í jẹ́ kí àlejò tí a kò pè ti ìta wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wọ inú agbo ilé tán lè máa kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè, nítorí àwọn ará ilé fọkàn tán ara wọn. Olè tí ó bá wọ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò wá jí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Orí ibẹ̀ ni yóò jókòó sí láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ báńkì.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Fáírọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WannaCry bẹ́ sílẹ̀. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Ó ń gba ọ̀nà kan tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní SMB version 1, ó sì ń fò láti ara kọ̀ǹpútà kan sí èkejì fúnra rẹ̀. Èyí tí ó bá ti wọ̀, yóò ti gbogbo fáìlì inú rẹ̀ pa, yóò sì kọ ọ́ sójú pé kí olówó rẹ̀ san 300 dọ́là kí ó tó lè ráyè sí ohun ìní ara rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti ran kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà, ó wọ ilé ìwòsàn. National Audit Office, ọ́fíìsì tí ó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò níbẹ̀, ròyìn pé nínú àjọ 236 tí ń darí ilé ìwòsàn ní England, ó kéré tán 81 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ọjọ́ ìtọ́jú tí wọ́n ti dá fún àwọn aláìsàn, tí wọ́n sì fagi lé, lé ní 19,000. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlú Ọba kan, Marcus Hutchins, ni ó rí ohun kan nínú ètò fáírọ́ọ̀sì náà tí ó fi dá eré rẹ̀ dúró.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyí. Microsoft ti kó oògùn ihò yẹn jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn tí ó kó àrùn náà kì í ṣe XP rárá. Windows 7 ni, èyí tí oògùn rẹ̀ ṣì ń jáde nígbà náà, ṣùgbọ́n tí a kò fún un mu. Ìròyìn ọ́fíìsì náà tún sọ pé bí a bá ti tọ́jú ògiri ìdáàbòbò tí ó wà láàárín wọn àti íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, ewu náà ì bá fò wọ́n dá. Nítorí náà, ohun méjì ni ó ń gba kọ̀ǹpútà là: oògùn àti ògiri. Kọ̀ǹpútà tuntun tí kò mu oògùn kò sàn ju ti àtijọ́ lọ. Èyí tí kò sì rí oògùn mu mọ́, ògiri nìkan ni ó kù fún un. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mọ ògiri náà.

ÈKÍNNÍ: ṢÉ Ó TILẸ̀ NÍLÒ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Bàbá télọ̀, kọ̀ǹpútà yín ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó ya òdòdó, kí ó ya ìlà. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣe èyí. Ẹ yọ wáyà tí ó bá so ó mọ́ ráútà. Bí ó bá ń gba Wi-Fi, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Network Connections sí, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán ìsopọ̀ náà, kí ẹ yan Disable. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, olè tí ó wà ní ìlú òkèèrè kò lè pè é. Kò sí ohun tí a lè rà lọ́jà tí ó lágbára tó yíyọ wáyà yìí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ohun tí ó kù ni fúláàṣì tí a fi ń gbé ọnà tuntun wọ inú rẹ̀. Ẹ má fojú kéré fúláàṣì. Fáírọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Conficker, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, gba ara fúláàṣì rin kiri ayé débi tí ó wọ inú kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ ra fúláàṣì kan fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ẹ kọ ọ́ sí i lára. Ẹ má fi gbé orin, ẹ má fi gbé fíìmù, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà tuntun tí ń mu oògùn rẹ̀ déédéé ni kí ẹ fi gba ọnà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ó yẹ fúláàṣì náà wò fún fáírọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé e lọ sí ti àtijọ́. Fáìlì ọnà tí orúkọ rẹ̀ parí sí DST tàbí PES ni ẹ̀rọ yín ń fẹ́. Bí ẹ bá rí èyí tí ó parí sí EXE, tí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ní ọnà ni, kì í ṣe ọnà. Ẹ pa á rẹ́.

Ẹ rí i báyìí pé ọmọ iṣẹ́ yóò rí ọnà tuntun rẹ̀, ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yóò sì balẹ̀.

ÈKEJÌ: BÍ Ó BÁ DI DANDAN KÍ Ó RÍ ÌTA

Àwọn kan wà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn kò lè ṣe kí ó má rí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Fún irú wọn, ẹ má jẹ́ kí ó bá àwọn yòókù gbé inú yàrá kan náà.

Ọ̀pọ̀ ráútà ní ibì kan tí wọ́n kọ Guest sí. Wi-Fi ti àlejò nìyẹn. Lórí ráútà tí ó bá pààlà dáadáa, ẹni tí ó bá wà lórí rẹ̀ yóò rí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò ní rí fóònù yín tàbí kọ̀ǹpútà yín yòókù. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ sí. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n béèrè bóyá kí àlejò máa rí àwọn ará ilé, ẹ kọ̀ ọ́. Ìgbà tí ẹ bá ṣe èyí, kọ̀ǹpútà náà lè má rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà lórí Wi-Fi ilé mọ́. Ẹ má tìtorí rẹ̀ wó ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Ẹ fi wáyà USB so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà mọ́ ọn.

Bí ráútà yín kò bá ní ti àlejò, ẹ lè lo ráútà méjì. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà lórí ráútà àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ ìta, kí ẹ so ráútà kejì mọ́ ti àkọ́kọ́ láti ojú ihò tí wọ́n kọ WAN sí, kí gbogbo ohun iyebíye ilé sì wà lẹ́yìn èkejì yìí. Ẹ má ṣe é ní ìdàkejì, nítorí ẹni tí ó wà ní yàrá inú lọ́hùn-ún ni ó rọrùn fún láti jáde bọ́ sí pálọ̀. Ẹni tí ó wà ní pálọ̀ kò rọrùn fún láti wọ yàrá inú.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù tí ráútà gbé wá láti ilé iṣẹ́, tí ó sábà máa ń jẹ́ admin, gbogbo olè ayé ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i padà lónìí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ UPnP sí, kí ẹ pa á, nítorí pé nǹkan yìí ń gba ohun èlò inú ilé láyè láti ṣí ihò sí ìta láìbi yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ojú ọ̀nà láti ìta tààrà sí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ohun yòówù kí ó sọ. Ráútà náà ń fẹ́ àtúnṣe tirẹ̀; bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é bá kó o jáde, ẹ fún un mu.

ÈKẸTA: Ẹ PA ÀWỌN ILẸ̀KÙN TÍ Ẹ KÒ LÒ

Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ fúnra rẹ̀, ẹ tan firewall inú Windows. Ẹ pa ètò tí ó ń pín fáìlì. Ẹ pa Remote Desktop, èyí tí ó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sí ibòmíràn kí ó máa darí kọ̀ǹpútà yín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n kéde ihò ńlá kan nínú rẹ̀ tí ó kan XP àti Windows 7. Ohun náà burú débi pé Microsoft tún po oògùn fún XP, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ti pa á tì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí gidigidi. Windows XP kò mọ ọ̀nà mìíràn láti pín fáìlì ju SMB version 1 lọ, ọ̀nà tí WannaCry gbà wọlé yẹn. Láti ìparí ọdún 2017 ni Microsoft kò ti fi ọ̀nà yìí sínú Windows 10 tuntun mọ́. Bí ẹ bá wá pe oníṣẹ́ kan pé kí ó so XP pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò ṣí ọ̀nà àtijọ́ yìí sílẹ̀ lára ti tuntun. Ẹ má gbà fún un. A kì í tìtorí àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn wó ògiri ilé. Bákan náà, bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò bá lè gba Wi-Fi yín nítorí pé kò gbọ́ WPA2, ẹ má sọ Wi-Fi gbogbo ilé di aláìlágbára nítorí rẹ̀. Ẹ fi wáyà so ó sí ibi tí a ti yà sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ tún ṣí orúkọ ìwọlé kékeré kan sínú rẹ̀, èyí tí kò ní àṣẹ ọ̀gá, kí ó jẹ́ pé òun ni ẹ ń lò lójoojúmọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà. Èyí tí ó sùn kò lè kó àrùn.

ÈKẸRIN: OHUN TÍ A KÌ Í ṢE LÓRÍ RẸ̀

Ẹ má fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe iṣẹ́ báńkì. Ẹ má ka ímeèlì lórí rẹ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà BVN tàbí NIN yín sínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi wá eré àti fíìmù. Àwọn ètò tí a fi ń rin orí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá ti fi í sílẹ̀: Chrome dá ti XP dúró ní ọdún 2016, ó sì dá ti Windows 7 dúró ní ọdún 2023. Ẹni tí ó bá ń fi irú wọn rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ìgò fífọ́. Páásíwọ́ọ̀dù tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà yìí kò gbọdọ̀ bá ti ibòmíràn dọ́gba.

Ẹ má tan ara yín pé fáírọ́ọ̀sì kò lè ṣe nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti ra ètò tí ń pa á. Ọdẹ ilé ni ètò náà. Kò lè dí ihò ara ògiri. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá pè yín lórí fóònù pé Microsoft ni òun ti ń pè, pé kọ̀ǹpútà yín ń ṣàìsàn. Microsoft kì í pe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Olè ni.

ÈKARÙN-ÚN: Ẹ ṢE ÀDÀKỌ OHUN TÍ Ẹ KÒ FẸ́ PÀDÁNÙ

Olè kọ́ ni ó sábà ń pa kọ̀ǹpútà àtijọ́. Díìsìkì inú rẹ̀ ni ó ń kú, nígbà mìíràn láìdágbére. Bàbá télọ̀, gbogbo ọnà tí ẹ ti kó jọ láti ọdún 12 ni ogún ilé yín. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí ó wà nínú díìsìkì ìta tí a ń yọ kúrò lẹ́yìn tí a bá ṣe é tán, àti èyí tí ó wà ní ilé mìíràn. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo, fáírọ́ọ̀sì tí ó bá ti ti kọ̀ǹpútà yóò ti òun náà. Ẹ bẹ oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kí ó ṣe àdàkọ gbogbo díìsìkì náà pátá, pẹ̀lú Windows àti ètò tí ń darí ẹ̀rọ, kí ó má baà di pé ẹ̀rọ wà, ọnà wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò mú wọn bára sọ̀rọ̀. Bí ètò náà bá sì ní kọ́kọ́rọ́ kékeré tí a ń kì bọ ihò USB, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin.

Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ yọ wáyà tàbí kí ẹ pa ráútà, kí ó má baà ran àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó mọ́ yí páásíwọ́ọ̀dù yín padà, kí ẹ sì pe báńkì yín. Ẹ má kánjú san owó ìràpadà. Sísan rẹ̀ kò fi dájú pé fáìlì yóò padà.

FÚN ÀWỌN TÍ KÒ NÍ Ẹ̀RỌ TÍ Ó DÈ WỌ́N MỌ́LẸ̀

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò darí ẹ̀rọ kankan, tí ó kàn fi ń kọ̀wé, tí ó fi ń ka ìròyìn, kò ní ìdí láti máa lo XP tàbí Windows 7 kiri. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Linux Mint tí ó ń gba oògùn títí di òní, tí a lè fi rọ́pò Windows. Ó ń fẹ́ RAM tí ó tó 2GB ó kéré tán, bí ó bá tó 4GB ó dára jù, pẹ̀lú àyè 20GB lórí díìsìkì. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín síbòmíràn, nítorí ó lè pa ohun tí ó bá níbẹ̀ rẹ́.

Ẹni tí ó ní Windows 10, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè gba Windows 11 lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ kò lè gbà á, nítorí Windows 11 ń béèrè ohun kan tí ń jẹ́ TPM 2.0 àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò pẹ́ púpọ̀. Fún irú wọn, Microsoft ṣí ètò oògùn àfikún kan, Extended Security Updates, tí wọ́n fi ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026 ṣe òpin rẹ̀ nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ fún àwọn onílé. Ẹ lọ sí Settings, kí ẹ ṣí Windows Update, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá àyè ṣì wà. Bí kò bá sí mọ́, ẹ ṣe tirẹ̀ bí mo ti ní kí ẹ ṣe ti XP.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ ra àlòkù ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, ẹ má béèrè owó nìkan. Ẹ béèrè Windows tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ó lè gba ti òde òní. Kọ̀ǹpútà tí owó rẹ̀ kéré lọ́jà lè di ohun tí a fi owó gọbọi tọ́jú nílé.

Bàbá mi télọ̀, ẹ má bá ọmọ yín jà, ìfẹ́ ni ó mú un sọ̀rọ̀. Ẹ má sì lé ọmọ iṣẹ́ yín, ìtara iṣẹ́ ni. Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó, kí ọ̀kan yọ wáyà, kí èkejì lọ ra fúláàṣì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé máa ṣọ́ ọ pọ̀.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ máa fi ìbéèrè yín ránṣẹ́. Kí olè má mọ ọ̀nà ilé wa o.